Níbo Lo Gbé Arógunmásàá Sí?

"Orúkọ yín," ilẹ̀kùn wí.

Ìbídùn dúró níwájú rẹ̀. Ó kọ́kọ́ mí sínú, ó mí síta. Láti àárọ̀ ló ti ń sọ̀rọ̀. Òun ló kéde àsìkò tí omi yóò ṣàn fún gbogbo ìsàlẹ̀ Orí-Àpáta, òun ló kéde pé wọ́n ti afárá òkè pa, òun náà ló sì kìlọ̀ fún àwọn ọlọ́mọ pé kí wọ́n má jẹ̀ẹ́ kí ọmọ gun òpó iná. Ọ̀fun rẹ̀ ti gbẹ bí awọ tí wọ́n sá sóòrùn. Ó fi ahọ́n ti orógbó ẹnu rẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan kí ọ̀rọ̀ lè ráyè kọjá.

"Ìbídùn Adéoṣó. Akéde ni mí. Mo wá kí ẹnìkan."

Iná kékeré tó wà lókè ilẹ̀kùn náà tàn bí ewé tútù, ilẹ̀kùn sì ṣí. Bó ṣe gbẹ́sẹ̀ ló gbọ́ tí ẹnìkan ń mí lẹ́yìn òun. Obìnrin kan ló ti jókòó sórí òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tẹ́lẹ̀, ọ̀já pupa lọ́rùn rẹ̀, kúlà oúnjẹ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ti dìde kíá, ó ń tẹ̀ lé Ìbídùn bí òjìji.

"Ẹ má bínú, mà. Oòrùn ṣì wà lẹ́yìn òkè lọ́hùn-ún nígbà tí mo jókòó síbẹ̀. Ọkọ mi ló wà nínú ilé ìwòsàn yìí."

"Wọ́n á rí ọ."

"Èèyàn lè rí mi. Etí ara ògiri ni kò ní mọ̀. Etí kì í ka ẹsẹ̀." Obìnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Kí lo ṣe?" Ìbídùn kò mọ bí ìbéèrè náà ṣe bọ́. Kì í bá ọlọ́jàá sọ̀rọ̀, àwọn tí ìjọba so ọ̀já pupa mọ́ lọ́rùn, tí ilẹ̀kùn kò sì dá ohùn wọn mọ̀ mọ́.

"Mo fi ohùn ìyá ọkọ mi pe ọkọ mi síbi oúnjẹ. Àwàdà ni, mà. Gbogbo wa la rẹ́rìn-ín títí. Ògiri nìkan ni kò rẹ́rìn-ín."

Ó gbé kúlà rẹ̀ sókè, ó yà sọ́nà ọ̀tún, ó lọ. Ìbídùn dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó fọwọ́ kan àpò tó gbé kọ́ èjìká. Agolo mílíìkì tó wà nínú rẹ̀ dún ṣẹ́kẹ́ lẹ́ẹ̀kan.

Nọ́ọ̀sì Ọmọ́wùnmí ló wá pàdé rẹ̀ lọ́nà. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ díẹ̀, ó tún dìde.

"Ẹ ṣé tí ẹ wá, Ìyá Akéde. Aṣàyẹ̀wò ti dé o. Mo ní kó jẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ dé."

"Báwo ni Bọ̀ọ̀dá Ọláṣení ṣe wà?"

"Kò sùn, mà. Oògùn oorun kò ràn án. Ó kàn jókòó tì bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo ilẹ̀ bí ẹni tó ń ṣọ́ ẹran. Tó bá sì sọ̀rọ̀, kì í ṣe òun ló ń sọ ọ́. Láàárọ̀, ó di ìyá arúgbó kan tó ń tukọ̀. Lọ́sàn-án, ó di ọ̀bọ."

"Ọ̀bọ?"

"Ọ̀bọ tó ń ṣọ́ ibodè. Ó ní àfi kí n pa àlọ́ kan tí òun kò gbọ́ rí kí òun tó lè jẹ́ kí n gbé àwo kọjá." Nọ́ọ̀sì náà fi ọwọ́ nu ojú. "Mo pa á. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Oúnjẹ ń tutù. Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ni Etí ń gbọ́, mà. Iná yàrá yẹn ti pọ́n títí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ àwọ̀ míì mọ́."

Ìbídùn fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dé òkè. Ó mọ ọ̀bọ yẹn. Ó ti bá a jà rí.

Ní Ìjẹ̀dẹ́ ni, kí omi tó gba Ìjẹ̀dẹ́. Abẹ́ àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́ta tí gbogbo wọn ń gbé ni wọ́n ti máa ń ṣeré náà, àwọn ọmọ mẹ́rin, nígbà tí iná bá lọ tí kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi ojú wò. Ọláṣení ló dàgbà jù láàrin wọn, òun ló sì mú eré náà wá. Kò sí ẹni tó mọ ibi tó ti kọ́ ọ. Yóò fi ṣọ́ọ̀kì ya odò sórí sìmẹ́ńtì, ya igbó, ya ìlú kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà lókè. Òun ni Onílẹ̀. Ohunkóhun tí wọ́n bá pàdé lórí ilẹ̀ náà, láti ẹnu rẹ̀ ló ti ń jáde, ọba ni o, ẹfọ̀n ni o, àti ìyá arúgbó tó ń tukọ̀, tó máa ń húkọ́ kó tó bú ènìyàn.

Àwọn mẹ́ta yòókù ní ẹni kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń jẹ́. Fadérera ni Ẹyẹlé, olè tó gbọ́ èdè ẹyẹ. Gbọ́láhàn ni Dókítà Ewúro, tó jẹ́ pé kò sí àrùn tí kì í fi ewúro wò. Wọ́n ta Ẹyẹlé lọ́fà lẹ́ẹ̀kan, ewúro ló fún un jẹ. Ìbídùn tí kì í lè gbójú sókè kí àlejò, tí ìyá rẹ̀ máa ń tì síwájú kó tó lè sọ pé ẹ káàárọ̀, ọdẹbìnrin tó ń jẹ́ Arógunmásàá ni òun. Ohùn Arógunmásàá nípọn. Ó máa ń ti inú ikùn jáde. Kì í bẹ ẹnikẹ́ni.

Dáìsì lúdò kan ṣoṣo ni wọ́n ní, inú agolo mílíìkì ni wọ́n ti ń mì ín. Kò sí ẹni tó lè ní òun pa ẹkùn kó tó da dáìsì. Tó bá já sí mẹ́fà, ẹkùn kú. Tó bá já sí ení, ẹkùn rẹ́rìn-ín. Ojú kan lára dáìsì náà ti pa rẹ́ débi pé ẹnikẹ́ni kò mọ iye tó jẹ́ mọ́. Tí ojú yẹn bá yọ, wọn a pariwo títí, Onílẹ̀ a tẹjú mọ́ ọn, ohun tó bá pè é náà ló jẹ́.

Òfin kan sì wà tí Ọláṣení kì í fi ṣeré. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dìde lọ jẹun, tàbí lọ sùn, láì tíì gbé ẹni tó ń jẹ́ nínú eré sùn. Onílẹ̀ a bèèrè pé, "Níbo lo gbé e sí?" Wàá dárúkọ ibẹ̀. Wàá sọ ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wàá sì sọ ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ìgbà yẹn lo tó lè lọ.

"Tí a ò bá wá gbé wọn sùn ńkọ́?" Gbọ́láhàn bèèrè lọ́jọ́ kan, ebi ti ń pa á.

"Èmi ni màá máa ṣọ́ wọn," Ọláṣení wí. "Mi ò sì ní sùn. Ṣé ohun tí o fẹ́ nìyẹn?"

Yàrá náà kéré. Ọ̀gbẹ́ni Akínbọ̀sún, aṣàyẹ̀wò, jókòó sórí àga kan, ẹ̀rọ rẹ̀ lórí itan. Ojú rẹ̀ fi hàn pé òun náà kò tíì fẹ̀yìn ti nǹkan láti àárọ̀. Ó dìde fún Ìbídùn, ó dọ̀bálẹ̀ dé ìdajì.

"Ẹ káàsán, mà. A máa ń gbọ́ yín nílé wa. Ìyá mi kì í pọn omi títí ẹ ó fi sọ̀rọ̀."

"Ẹ kú iṣẹ́."

Ọláṣení wà létí bẹ́ẹ̀dì. Irun rẹ̀ ti funfun tán. Ojú rẹ̀ ti wọnú, ó sì ń wo ilẹ̀ láàrin ẹsẹ̀ ara rẹ̀, níbi tí kò sí nǹkankan. Lókè ògiri, Etí, ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ohùn gbogbo ènìyàn, wà níbẹ̀, roboto bí ìdí ife, iná rẹ̀ pọ́n.

"Bọ̀ọ̀dá mi," Ìbídùn pè é.

Kò wòkè.

"Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún yín, mà," aṣàyẹ̀wò wí. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni màá bi í pé ta ni. Tó bá fi ohùn ara rẹ̀ dárúkọ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti bọ́, màá máa lọ. Tí kò bá dárúkọ ara rẹ̀…" Ó wo nọ́ọ̀sì.

"Wọ́n á gbé e lọ sí Ilé Ìdákẹ́," Nọ́ọ̀sì Ọmọ́wùnmí bá a parí rẹ̀. "Wọ́n á fún un ní oògùn tó ń pa ahọ́n. Kò ní ṣèèṣì sọ̀rọ̀ bí ẹlòmíì mọ́."

"Kò ní sọ̀rọ̀ rárá nìyẹn," Ìbídùn wí.



Aṣàyẹ̀wò tẹ ẹ̀rọ rẹ̀. "Bàbá, ta ni yín?"

Ọláṣení húkọ́. Ohùn tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ti obìnrin ni, ó gbó, ó há. "Ẹ jókòó dáadáa nínú ọkọ̀ mi, ẹ̀yin ọmọ aláìlẹ́kọ̀ọ́. Omi ń wọlé. Ta ló gbé ewúro sórí ẹsẹ̀ mi?"

Iná kò yí padà. Aṣàyẹ̀wò mí kanlẹ̀.

Inú ọkọ̀ ìyá arúgbó yẹn gan-an ni wọ́n wà nínú eré lọ́jọ́ tí omi gba Ìjẹ̀dẹ́. Fadérera ló da dáìsì lọ́jọ́ náà láti mọ̀ bóyá wọ́n á gun èbúté, dáìsì ṣì ń yí nígbà tí àwọn sójà fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn pariwo wọ ọgbà pé kí gbogbo ènìyàn jáde, pé omi ti gba títì Ìgbógbó, pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbé ju ohun tó lè gbé lórí lọ. Bàbá Gbọ́láhàn gbá a mú lọ́rùn ẹ̀wù. Ìyá Ìbídùn fà á lọ́wọ́. Agolo àti dáìsì nìkan ni Ìbídùn rí gbé. Nígbà tí ọkọ̀ ìjọba gbéra, Ọláṣení wà nínú ọkọ̀ kejì, ó yọ orí síta, ó ń pariwo, ìjì ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu: "Ẹ ò tíì gbé wọn sùn o! Ẹ ò tíì gbé wọn sùn!" Ibà pa Fadérera ní àgọ́. Gbọ́láhàn sọdá òkun, kò sí ẹni tó gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Nígbà tí Ìbídùn àti Ọláṣení tún fi máa pàdé ní Orí-Àpáta, wọ́n ti di àgbàlagbà, òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni má fi ohùn tí kì í ṣe tirẹ̀ sọ̀rọ̀ sì ti wà lóde. Wọ́n ń kí ara wọn, wọ́n ń bèèrè àlàáfíà ara. Wọn kò dárúkọ Ẹyẹlé rí.

Ìbídùn jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, orúnkún rẹ̀ dún. Ó mú agolo jáde, ó mì ín.

Ọláṣení gbé orí sókè kíá.

"Ó gbọ́ o," nọ́ọ̀sì wí jẹ́ẹ́.

"Ìyá Akéde." Aṣàyẹ̀wò ti tẹ̀ síwájú lórí àga rẹ̀. "Mo mọ̀ pé ẹ mọ òfin jù mí lọ. Ẹ lè sọ ìtàn ẹni tó bá wù yín fún un. Ìtàn kò lẹ́ṣẹ̀. Kí ẹ má ṣáà jẹ́ ẹni inú ìtàn náà. Etí kò mọ ìyàtọ̀ láàrin eré àti jìbìtì."

"Mo mọ̀."

Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ní àwọn ọdún Ayédèrú, nígbà tí àwọn oníjìbìtì ń fi ẹ̀rọ ṣe ohùn ènìyàn, ohùn rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ gbọ́ lórí fóònù, ohùn tí òun kò fọ̀. Ohùn náà ní òun ti fara pa, kí ìyá òun máa bọ̀ ní gáréèjì. Ìyá lọ. Ó jókòó sí gáréèjì tí omi ti yí ká, ó ń dúró de ọmọ tó wà nílé tó ń wá a. Wọ́n rí i ní ọjọ́ kejì, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, tí Ìbídùn bá pe ìyá rẹ̀, ìyá a kọ́kọ́ wò ó lẹ́nu ná. Nígbà tí Òfin Ohùn Kan dé, Ìbídùn wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi ọwọ́ sí i. Títí di òní, tó bá ń kéde, ó máa ń rò ó pé ìyá òun ń gbọ́, pé kò ní wo òun lẹ́nu mọ́.

Ó la ẹnu. Ó gbìyànjú láti gba ẹ̀gbẹ́ òfin kọjá.

"Ọdẹbìnrin kan wà nínú ọkọ̀," ó wí ní ohùn akéde rẹ̀, ohùn tó mọ́. "Arógunmásàá ni orúkọ rẹ̀. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì. Ọkọ̀ wọn gun èbúté láyọ̀, wọ́n sì sùn. Ó ti parí."

Ọláṣení wò ó. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ìbínú wà lójú rẹ̀.

"Ta ni ìyẹn tó ń ròyìn wọn?" ó bèèrè. Ohùn ìyá atukọ̀ ṣì ni. "Ṣé o wà nínú ọkọ̀ ni, àbí etí odò lo dúró sí tí ò ń nawọ́ sí wa?"

"Bàbá, ta ni yín?" aṣàyẹ̀wò tún bèèrè. Ó jọ pé ó fẹ́ kó parí.

"Ẹni tó ń ṣọ́ wọn," Ọláṣení wí. Iná kò yí padà.

"Ó ku ẹ̀ẹ̀kan," aṣàyẹ̀wò wí. Kò wo ẹnikẹ́ni.

Ìbídùn wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀, awọ dúdú abẹ́ ojú náà àti bí ìpéǹpéjú rẹ̀ ṣe ń wọ́ bọ̀ sílẹ̀ tó ń tún fi agbára gbé e sókè. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń ṣe lábẹ́ àtẹ̀gùn, tí oorun bá ń kùn ún tí eré kò tíì parí. Wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọmọdé kan nínú ìjì, kò sì sí ẹni tó padà wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó rẹ òun náà. Kì í ṣe ti òní nìkan. Ó ti fi ohùn kan náà sọ̀rọ̀ pẹ́, ohùn tó mọ́, tó bá gbogbo ènìyàn lára mu, títí kò fi mọ ohun tí òun ìbá sọ tó bá jẹ́ ti òun. Ó tu orógbó sọ́wọ́.

Ohùn náà ṣì wà níbi tó fi í sí, nínú ikùn lọ́hùn-ún.

"Ìyá arúgbó," Arógunmásàá wí, ó nípọn, kò bẹ ẹnikẹ́ni, "yé húkọ́ sí wa lára. Èmi Arógunmásàá ni mo wà níwájú ọkọ̀ yìí. Mo ti rí èbúté."

Nọ́ọ̀sì Ọmọ́wùnmí fi ọwọ́ bo ẹnu. Lórí ògiri, Etí pọ́n sí i, ó ń tàn, ó ń pa, ó ń tàn.

"Mà," aṣàyẹ̀wò wí. "Mà, ẹ dákẹ́."

Ṣùgbọ́n Ọláṣení ti tẹ̀ síwájú, ojú rẹ̀ là bí ti ọmọdé. "Da á," ó wí.

Ìbídùn mi agolo, ó da dáìsì sílẹ̀. Ó yí, ó yí, ó dúró sórí sìmẹ́ńtì láàrin wọn. Ojú tó ti pa rẹ́ ló yọ.

Wọ́n jọ wò ó. Onílẹ̀ tẹ̀ ba, ó tẹjú mọ́ ọn títí.

"Mẹ́fà ni," ó wí. "Ẹ ti gúnlẹ̀." Ó mí, gbogbo èjìká rẹ̀ sì wálẹ̀. "Níbo lo gbé e sí?"

"Abẹ́ igi àgbálùmọ̀ létí odò. Ọfà mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹyẹlé ló ń ṣọ́ mi."

"Ẹyẹlé fúnra rẹ̀ ńkọ́?"

Ìbídùn pa ojú dé. Ohùn Fadérera tín-ín-rín, ó máa ń sáré bí ẹni tó jí nǹkan. "Orí igi náà ni mo wà. Ẹyẹ méje wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo jí ẹran gbígbẹ ìyá atukọ̀, ẹ má sọ fún un. Dókítà ló ń ṣọ́ mi."

"Dókítà?"

"Abẹ́ ọkọ̀ tí a dojú rẹ̀ délẹ̀," Gbọ́láhàn wí láti ẹnu Ìbídùn, pẹ̀lú ìmú dídì tí kì í sàn. "Ewúro wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹnikẹ́ni kò ní sún mọ́ mi nítorí òórùn rẹ̀. Onílẹ̀ ló ń ṣọ́ mi, àmọ́ kó lọ sùn jàre. Mo ti dàgbà."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọláṣení kò rẹ́rìn-ín. Ó mú dáìsì náà nílẹ̀, ó dá a padà sínú agolo, ó sì gbé agolo lé Ìbídùn lọ́wọ́.

Aṣàyẹ̀wò tún tẹ ẹ̀rọ rẹ̀. "Bàbá, ta ni yín?"

"Ọláṣení Ọ̀ṣúnkẹ́yẹ ni mí." Ohùn náà há, ó jẹ́ ohùn arúgbó ọkùnrin tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. "Ó rẹ̀ mí púpọ̀. Ìbídùn, jẹ́ kí n dùbúlẹ̀."

Iná náà di àwọ̀ ewé. Kí àwọ̀ rẹ̀ tó yí tán, Ọláṣení ti sùn.

Ìta ilẹ̀kùn yàrá ni Ọ̀gbẹ́ni Akínbọ̀sún ti mú ọ̀já pupa kan jáde láti inú àpò rẹ̀. Ó dì í mú bí ẹni tí kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

"Ìbá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ni, mà, bóyá mo lè ní ẹ̀rọ ló ṣìnà. Ohùn mẹ́ta ni."

"Mo gbọ́ ọ. Èmi ni mo fọ̀ ọ́."

"Ta ni yóò kéde omi lọ́la?"

"Wọ́n á rí ẹlòmíì." Ó gbé àgbọ̀n sókè kí ó lè so ó. Ọwọ́ ọkùnrin náà tutù. "Sọ fún ìyá rẹ pé kó máa tètè pọn omi."

Nọ́ọ̀sì Ọmọ́wùnmí ló fi ohùn tirẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn òde fún un. Obìnrin tó gbé kúlà ti wà lórí òkúta rẹ̀ padà, ó ti fún ọkọ rẹ̀ lóúnjẹ. Ó wo ọrùn Ìbídùn. Ó sún díẹ̀ lórí òkúta, bí ènìyàn ṣe ń sún fún ẹni tó ń bọ̀ wá jókòó. Ìbídùn juwọ́ sí i, ó ń lọ sílé.

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tó gun òkè dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

"Orúkọ yín," ilẹ̀kùn wí.

"Ìbídùn Adéoṣó."

Iná pọ́n. "A ò mọ̀ yín," ilẹ̀kùn wí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ gan-an.

Kò tún un sọ. Àwọn ará ilé yóò dé láti oko orí òrùlé láìpẹ́, ẹnìkan nínú wọn yóò sọ̀rọ̀, òun yóò sì tẹ̀ lé e wọlé. Etí kì í ka ẹsẹ̀. Ó jókòó sórí ìloro, ó bọ́ bàtà, ó gbé agolo sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn tí kò mọ̀ ọ́n. Ohùn kan rọra ti inú rẹ̀ dìde jáde lẹ́nu rẹ̀, ohùn Ọláṣení ọmọdé lábẹ́ àtẹ̀gùn.

"Níbo lo gbé e sí?"

Iná orí ilẹ̀kùn kò yí padà. Ó ti pọ́n tán, kò ní ibòmíì tí yóò tún pọ́n dé.

"Ẹnu ọ̀nà ilé mi," Ìbídùn wí. "Agolo mílíìkì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi."

"Ta ló ń ṣọ́ ọ?"

Ó rò ó. Onílẹ̀ ti sùn. Fadérera kò sí mọ́. Ó wòkè, ó rí Etí lórí ògiri, roboto, ojú pupa rẹ̀ tí kì í padé.

"Ìyẹn náà ni," ó wí, ó sì pa ojú dé. "Kò kúkú lè sùn."